Ìwé Tí Wọ́n Rán Mọ́ Inú Awọ

Ẹ gbé àwọn páálí yẹn kúrò lórí ẹní mi ná, kí n ríbi na ẹsẹ̀ sí. Láti àárọ̀ lẹ ti ń jiyàn. Àwálì ní pupa ni kí wọ́n fi di ìwé ilẹ̀ oko, Mẹ́múnà ní ó ti o, pupa ni ti ìwé ìbí àwọn ọmọ, aláwọ̀ ewé ni kí ti oko jẹ́. Àwálì ti lọ sí Sokodé lórí alùpùpù, ó ti ra ṣẹ́míìsì oríṣiríṣi bọ̀ láti máa fi kó ìwé ilé yìí jọ: èyí tó nípọn, èyí tó fẹ́lẹ́, èyí tó ní okùn rọ́bà tí wọ́n fi ń há a lẹ́nu. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe ń ṣe é ní bírò tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ní Tchamba, pé ìwé kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dára, ó sì dùn mọ́ mi.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ dá sí i, mo gbọ́ tí ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ni ìyá àgbà tí kò mọ̀wé kà fẹ́ mọ̀ nípa ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé sí. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe ohun tí wọ́n ń tọ́jú ìwé sí gan-an ni wọ́n bí mi sí, ní Kambolé níbí, kí Jámánì tó wá jọba lé wa lórí. Ìwé kan báyìí ló sì kù díẹ̀ kó gba bàbá àgbà yín lọ́wọ́ mi kí n tó fẹ́ ẹ. Ìwé náà kọ́ ló jẹ̀bi o. Ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí ni. Ẹ pa rédíò yẹn, kí ẹ sì jókòó.

Oníṣọ̀nà awọ ni bàbá tó bí mi. Awọ ewúrẹ́ ló máa ń ṣe jù. Bí wọ́n bá pa ewúrẹ́ ní àdúgbò, kí ẹran tó jinná ni awọ rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa. Inú omi eérú ni bàbá mi máa ń rẹ ẹ́ sí kí irun rẹ̀ lè bọ́, a ó wá rì í sínú omi èso bàgàrúwà tí àwọn Haúsá ń tà ní Tchamba, kí awọ má bàa rà. Òórùn ibẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi kì í fẹ́ jókòó tì mí níbi eré, wọ́n á ní mò ń rùn bí awọ. Ariwo tí mo fi mọ ilé wa ni ti igi tí bàbá mi fi ń lu awọ kó lè rọ̀, gbì, gbì, gbì, láti ìgbà tí oòrùn bá ti yọ. Bí ariwo náà bá dákẹ́, a mọ̀ pé àlejò ti dé nìyẹn tàbí pé àkókò ìrun ti tó. Iṣẹ́ èmi àti ìyá mi ni àwọ̀. Pòròpórò ọkà bàbà la máa ń sè, omi rẹ̀ á pupa fòò, a ó fi pa awọ náà lára títí á fi mu ún. Láti kékeré ni ìka mi ti pupa. Àwọn obìnrin ń ra làálì nígbà ọdún, èmi kò ra làálì rí láyé mi.

Ẹ̀yin ń ya ìwé dànù báyìí. Bí ọmọ bá ṣe àṣìṣe kan níbi iṣẹ́ tí tíṣà fún un, á fa ewé náà ya, á ká a rúgúrúgú, á jù ú sẹ́yìn ilé. Nígbà tiwa, tàkàdá là ń pè é. Àwọn oníṣòwò tó ń ru obì kọjá ní Tchamba ló ń tà á, ó sì wọ́n ju aṣọ lọ. Ẹni tó bá ní tàkàdá nílé, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ó ní i.

Àlùkùránì ìgbà náà kì í ṣe èyí tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn bíi tòní. Ewé kọ̀ọ̀kan dá wà ni. Alùfáà á fi kálámù kọ ọ́, á kó wọn lé ara wọn, kò ní rán an, kò ní lẹ̀ ẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé bí ààwẹ̀ bá dé, wọ́n á pín in fún àwọn tó mọ̀ ọ́n kà, olúkúlùkù á mú tirẹ̀, gbogbo wọn á jọ máa kà á lẹ́ẹ̀kan náà. Kí oòrùn tó yí, wọ́n ti ka odindi tán. Bí ẹ bá ń kọjá lọ, ńṣe lẹ máa rò pé oyin ló ń wọ ilé. Lónìí, ẹnì kan ṣoṣo ló ń kà á sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwọn yòókù ń tòògbé. Kí ewé má bàa dàrú, wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ewé tó kàn sí ìsàlẹ̀ ewé tó ṣáájú. Ohun tó wá di gbogbo rẹ̀ mú ni gáfáká. Iṣẹ́ bàbá mi nìyẹn. Awọ pupa ni, wọ́n ká a bí àpò pẹlẹbẹ, ó ní ìbòrí tó ń bọ̀ wá sí iwájú, ó sì ní okùn awọ tí wọ́n fi ń wé e yíká. Ẹ rí i pé kì í ṣe Sokodé ni ṣẹ́míìsì ti bẹ̀rẹ̀.

Ènìyàn kì í kàn wọlé kó ní kí bàbá mi ṣe gáfáká fún òun. Wọ́n á kọ́kọ́ jókòó. Bàbá mi á béèrè pé ṣé ara ògiri ni wọ́n máa fi kọ́ ni àbí wọ́n máa gbé e rìnrìn àjò, ṣé ewé inú rẹ̀ máa pọ̀ sí i, ṣé ọmọdé máa ń fọwọ́ kàn án. Bó bá jẹ́ ti ìrìn àjò, á fi awọ tó nípọn sí ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ ti ilé, awọ ọmọ ewúrẹ́ ló máa lò, nítorí pé ó rọ̀, kì í ṣẹ́ ewé létí. Àwálì, ṣé wọ́n bi ọ́ ní irú ìbéèrè yẹn níbi tí o ti rà á ní Sokodé? Wọ́n kàn na ọwọ́ sí ibi tí ó wà ni.

Alùfáà àgbà kan wà ní àdúgbò wa tí kì í di okùn gáfáká rẹ̀. Bàbá mi á ní, "Alùfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dì í." Á ní Ọlọ́run ń ṣọ́ ọ. Ó wá di ọjọ́ Mọ́lúdì kan, gbogbo ìlú ti péjọ, àwọn obìnrin ti gbé ìkòkò iṣu kaná lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ni ẹ̀fúùfù bá dé láìròtẹ́lẹ̀. Áà! Ẹ bá wá wo àgbà tó ń sáré! Ewé ń fò lọ sókè, àwọn alùfáà ń fò tẹ̀ lé e, láwàní ń tú lórí wọn. Ewé kan bọ́ sínú ọbẹ̀. Òmíràn lẹ̀ mọ́ orí ọmọ odó. Odindi ọ̀sán yẹn ni wọ́n fi jókòó sílẹ̀ tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ewé kan mọ́ ti òkè ewé mìíràn, ewé kan kò sì pé. Ó pẹ́ kí a tó rí i. Abẹ́ adìẹ kan tó ń sàba lẹ́yìn ilé Lèmọ́mù ló wà. Wọ́n ní bí òròmọdìẹ yẹn bá pa, kéwú ni wọ́n máa kọ́kọ́ ké. Láti ọjọ́ náà ni alùfáà àgbà ti ń di okùn rẹ̀.

Bàbá mi ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà: "Ohun tí a ó máa ṣí, ìbòrí là ń ṣe fún un. Ohun tí a kò ní ṣí, ńṣe là ń rán an pa." Èyí tí à ń rán pa ni tírà. Alùfáà á kọ àdúrà sí tàkàdá, á ká a kéékèèké, bàbá mi á fi awọ wé e, á rán etí rẹ̀ yíká láìku ibì kan. Ènìyàn á so ó mọ́ apá, ó di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí í tú tírà. Ẹni tó bá tú u ti bà á jẹ́, àdúrà inú rẹ̀ ti jáde lọ nìyẹn. Bí a ṣe gbà á gbọ́ nìyẹn, ẹ má bá mi jiyàn rẹ̀ lónìí.

Jámánì wá dé. Wọ́n kọ́ ilé wọn sí Sokodé, wọ́n ní kí a la ọ̀nà. Ọ̀nà tó tọ́ gbọnrangandan ni wọ́n fẹ́. Bí òkè bá wà níbẹ̀ kí wọ́n gé e, bí ẹrẹ̀ bá wà níbẹ̀ kí wọ́n di í. Ọkùnrin ni wọ́n ń kó láti ìlú dé ìlú, láti Koussountou, láti Goubi, láti Kambolé níbí. Wọ́n ń nà wọ́n lẹ́gba. Oúnjẹ kò tó. Àwọn kan lọ tí wọn kò padà wálé mọ́, ìyá wọn kò sì mọ ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ lónìí pé àwọn Jámánì mọ ọ̀nà là. Wọ́n mọ̀ ọ́n là lóòótọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó di ọkọ́ mú.

Ẹni tó bá parí ìgbà tirẹ̀, wọ́n á fún un ní ìwé pélébé kan tí wọ́n tẹ èdìdì ẹyẹ lù. Ìwé ẹyẹ la sọ ọ́. Bí wọ́n bá tún wá kó ènìyàn, ẹni tó bá fi ìwé ẹyẹ hàn á jókòó sílé rẹ̀ títí ọdún á fi yí. Ẹni tí kò bá ní i, tàbí tó ní i tí kò rí i mú jáde, wọ́n á so ó lókùn mọ́ àwọn yòókù. Kò sí ẹjọ́ kankan níbẹ̀.

Ibo ni kí ènìyàn wá fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí? Àwa kò ní ìwé tó ń béèrè pé kí wọ́n wá wo òun rí. Ẹnì kan fi há àjà, eku bá a jẹ ẹ́. Ẹnì kan jù ú sínú kèrègbè, ọmọ rẹ̀ fi kèrègbè lọ pọnmi. Ẹnì kan ní kí ìyàwó òun bá òun tọ́jú rẹ̀, ó dì í mọ́ ìdí aṣọ, ó sì lọ fọ aṣọ náà lódò. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ọ̀nà ni ọkùnrin yẹn padà sí.

Àwọn ènìyàn wá rò ó bí àwa ṣe máa ń ro nǹkan. Tàkàdá tó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ewu, kí ni orúkọ rẹ̀? Tírà ni. Ìwé ẹyẹ ń gba ènìyàn lọ́wọ́ okùn. Tírà náà nìyẹn. Ibo là ń so tírà mọ́? Ara ni. Ọ̀rọ̀ pin. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé ẹyẹ wá bá bàbá mi pé kó fi awọ rán an pa. Ó di àṣà láàárín àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n á wọ aṣọ tí kò lápá lọ sí ọjà, kí gbogbo ènìyàn lè rí i pé wọ́n ti la ọ̀nà bọ̀.

Bàbá àgbà yín, tí kò tíì jẹ́ bàbá ẹnikẹ́ni nígbà náà, wà lára àwọn tó lọ tó sì bọ̀. Orúkọ rẹ̀ lẹ mọ̀, ẹ má retí pé kí n pè é. Obìnrin kì í la orúkọ ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, bó tilẹ̀ ti papò dà. Nígbà tó dé, ó ti rù débi pé etí rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó dé, ó sì mú ìwé ẹyẹ bọ̀. Wọ́n ti gbé obì wá sílé wa nítorí mi kó tó lọ. Wọ́n wá dá ìgbéyàwó sí ìgbà tí iṣu tuntun bá jáde. Mo máa ń fọgbọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọn lọ pọnmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà odò kò gba ibẹ̀.

Opó ni ìyá rẹ̀. Ìyá Sàfúrà là ń pè é, nítorí àkọ́bí rẹ̀ obìnrin. Alùfáà ni ọkọ rẹ̀, ó sì kú nígbà tí bàbá àgbà yín ń rákò. Ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ fún ọmọ yìí ni àdúrà kan, pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára mú un kúrò ní ilé bàbá rẹ̀. Inú àpótí ni Ìyá Sàfúrà ń tọ́jú rẹ̀ sí láti ìgbà náà wá. Nígbà tí wọ́n wá kó ọmọ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà, ó dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ó ní àpótí ni àdúrà náà ń ṣọ́, kò ṣọ́ ọmọ. Pé ká ní ó wà lára rẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni ì bá má rí i mú. Ó wá gbé ìwé méjèèjì wá sílé wa, ti bàbá àti ti ẹyẹ.

Ó ní, "Oníṣọ̀nà, ẹ bá mi rán wọn pọ̀."

Bàbá mi yẹ̀ wọ́n wò. Ó ní, "Ìyá Sàfúrà, èyí tó ní ẹyẹ yìí, wọ́n á ní kí a fi hàn o. Ẹ jẹ́ kí n ṣe gáfáká kékeré fún un, tó máa ṣeé ṣí. Màá wá rán ti bàbá rẹ̀ lọ́tọ̀."

"Lọ́tọ̀ kẹ̀? Kí ẹni ibi wá ṣí i, kó jí i lọ? Bàbá rẹ̀ ló ń ṣọ́ ọmọ. Òun náà ni kó bá mi ṣọ́ ìwé yẹn."

"Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a ó máa ṣí..."

"Oníṣọ̀nà, ẹ̀yin lẹ ní awọ, èmi ni mo ní ọmọ."

Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó yẹ kí bàbá mi fi tọmọ jẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé wọ́n ti fẹ́ di àna, kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ opó di ìjà. Ó gbé ìwé kan lé èkejì, ó ká wọn pọ̀, ó rán an. Èmi ni mo fi àwọ̀ pupa pa awọ náà. Mo fara balẹ̀ ṣe é ju bí mo ṣe ń ṣe fún ẹlòmíràn lọ, ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀.

Bàbá àgbà yín so ó mọ́ apá. Ó fi kọ ebè, ó fi wẹ̀, ó fi sùn, oòrùn pa á, òjò pa á. Kò sí ẹni tó rò ó mọ́.

Ìgbà kíkọ ebè ni wọ́n tún dé. Àwọn ọlọ́pàá Jámánì ni, ènìyàn dúdú bíi tiwa, okùn wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá wọn ń sọ èdè Tem, baálẹ̀ wa ló ń túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n kó gbogbo ọkùnrin jọ síwájú ilé baálẹ̀, àwa obìnrin dúró lẹ́yìn wọn. Ọ̀gá ní kí ẹni tó bá ní ìwé mú un wá. Àwọn tó fi ìwé tiwọn sínú gáfáká ṣí i, wọ́n fi hàn, wọ́n lọ sí oko wọn. Ó wá ku àwọn onítírà. Wọ́n ká aṣọ sókè, gbogbo wọn na apá sí ọkùnrin náà.

Ó wò wọ́n títí. Ó ní, "Ṣé apá ni mo béèrè ni?"

Baálẹ̀ ní inú rẹ̀ ni ìwé wà.

"Kí wọ́n tú u, kí n rí i."

Ẹnikẹ́ni kò mira. Ojú ń ti àwọn kan, ẹ̀rù ń ba àwọn kan. Ọ̀gá nàka sí ẹni tó wà níwájú, Láwánì, ọkùnrin kan tó dàgbà díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Láwánì mi orí. Wọ́n so ó lókùn lójú gbogbo wa. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni bàbá àgbà yín.

Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú fún okùn. Ó ní, "Ẹ dè mí. Mi ò lè tú bàbá mi."

Ẹ gbọ́ o, inú bí mi. Kì í ṣe àwọn ọlọ́pàá nìkan ni inú mi ń bí sí. Bàbá àgbà yín gan-an ni inú bí mi sí. Ìwé tó sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ wà lára rẹ̀, ó sì ń na ọwọ́ fún okùn. Mo rò ó lọ́kàn pé ẹni tó ti kú kò ní bá wa jẹ iṣu tuntun, ẹni tí kò sì padà láti ọ̀nà kò ní jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni èmi? Wọn kò tíì gbé mi wọlé, mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo di ọwọ́ ìyá mi mú.

Ìyá Sàfúrà ló jáde. Ó gba àárín àwọn ọkùnrin kọjá, ó kúnlẹ̀ fún baálẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù díẹ̀." Ó dìde, ó kọjú sí bàbá mi. "Oníṣọ̀nà, ẹ fún mi ní ọ̀bẹ yín."

Bàbá mi ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín tú u. Mo mọ ojú rírán rẹ̀."

"Rárá. Èmi ni mo ní kí ẹ rán an."

Ọmọ rẹ̀ fà sẹ́yìn. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ dákun, ẹ má tú u. Bí ẹ bá tú u, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Kò sí òmíràn mọ́."

Ìyá Sàfúrà ní, "Kí ni bàbá rẹ tọrọ fún ọ?"

Ó fi ọwọ́ kejì bo tírà náà.

"Mo ní kí ló tọrọ?"

"Pé kí wọ́n má fi agbára mú mi kúrò nílé."

"Ó dáa. Bí awọ bá wà ní rírán tí wọ́n sì mú ọ lọ, kí ni àdúrà náà ṣọ́? Awọ ló ṣọ́? Mú apá wá."

Ó mú apá wá. Omi ń dà lójú obìnrin náà. Ó fi ọ̀bẹ tọ etí awọ náà títí ó fi là. Òógùn ti mú kí ìwé méjèèjì lẹ̀ mọ́ra. Bàbá mi fi itọ́ ra àtàǹpàkò, ó ń yà wọ́n díẹ̀díẹ̀. Tàdáwà àwọn alùfáà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kì í bá omi jà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ kọ ti ṣàn pọ̀, ó sì ti ta sára ìwé ẹyẹ. Ṣùgbọ́n èdìdì Jámánì kò parẹ́. Orí ẹyẹ náà hàn kedere, àti ìyẹ́ rẹ̀ kan.

Ọ̀gá ọlọ́pàá gbé e sókè sí oòrùn. Ó yínmú. Ó ní, "Ìwé yìí ń rùn."

Baálẹ̀ ní, "Òógùn ọ̀nà yín ni."

Mo rò pé wọ́n máa na baálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọkùnrin náà wò ó, ó wo ìwé lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá dá a padà fún bàbá àgbà yín, ó ní kó kúrò níwájú òun. Láwánì ké láti inú okùn pé kí wọ́n yára tú tòun náà. Bàbá mi ṣe iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn o! Gbogbo ohun tó ti fi oṣù rán ló fi ìyókù ọ̀sán tú, àwọn èèyàn tò síwájú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ fárí. Àwọn tí ìwé tiwọn ṣì ṣeé wò dúró sílé. Àwọn tí tiwọn ti di ẹrẹ̀ lọ sí Sokodé pẹ̀lú okùn, a sì ń gbọ́ ẹkún lẹ́yìn wọn.

Ní ilé Ìyá Sàfúrà, kò sí ẹni tó ń yọ̀. Mo tẹ̀ lé ìyá mi lọ síbẹ̀ láti kí i kú ewu. Ó jókòó sílẹ̀, ó tẹ́ ìwé ọkọ rẹ̀ sórí itan. Alùfáà àgbà wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó fà á mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó mi orí. Ó ní òun kò lè rí ọ̀rọ̀ kan kà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó há a sórí kó tó bàjẹ́. Ìyá Sàfúrà sọkún nígbà náà. Ó sọkún bí ẹni pé ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkọ rẹ̀ kú. Ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, ìwé ẹyẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Nígbà tí Ìyá Sàfúrà sọkún tán, ó nu ojú rẹ̀, ó wo gbogbo wa, ojú rẹ̀ dúró lára mi. Ó ní, "Ìwọ, lọ bu omi wá fún mi."

Mo bu ú wá nínú igbá funfun. Ó ti ìwé náà bọ inú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìka, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí wọ́n ṣe ń fọ wàláà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe hàǹtú, omi àdúrà tí aláìsàn máa ń mu. Omi náà dúdú. Ó ń fọ̀ ọ́ títí tàkàdá fi funfun, ó fún un sínú igbá kí ẹ̀kán kan má bàa ṣòfò. Ó gbé igbá náà fún ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Mo fi sínú àpótí, wọ́n mú ọ lọ. Mo rán an mọ́ awọ, wọ́n ní kí n tú u. Gbà, mu ún. Kò sí ibòmíràn tí mo lè tọ́jú rẹ̀ sí mọ́."

Ó gbé e dé ẹnu, ó mu ún tán, ó fi ìka nu ìdí igbá, ó lá a. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́, ó tẹ̀ ẹ́ láyà díẹ̀, ó ní, "Ó tó. Dìde, ebè ń dúró dè ọ́." Bàbá àgbà yín dìde, ó mú ọkọ́ rẹ̀, ó sì lọ sí oko.